Chinook: afẹ́fẹ́ ni, ẹja ni, àbí hẹlikọ́pítà?

Ní oṣù Kejì, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Calgary, ní Kánádà, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n mi, yìnyín dé orúnkún lánàá o. Lónìí, sálúbàtà ni mo wọ̀ jáde! Wọ́n ní Chinook ló fẹ́." Nígbà tí mo wá ọ̀rọ̀ náà lórí Google, hẹlikọ́pítà ológun ni mo kọ́kọ́ rí, ẹja tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ajá. Láti ọjọ́ yẹn ni èmi àti òun ti ń bi ara wa ní ìbéèrè. Ohun tí a rí nìyí.

Kí ni Chinook tó fẹ́ ní Calgary yẹn?

Afẹ́fẹ́ gbígbóná, tó sì gbẹ, ni. Orí àwọn òkè Rocky, àwọn òkè ńlá tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà àti Amẹ́ríkà, ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà ìlà oòrùn nígbà òtútù. Ojú máa ń rí àmì rẹ̀ kó tó dé: ìkùukùu á tẹ̀ kọrodo bí ọrun lápá ibi tí àwọn òkè wà, ojú sánmà á sì mọ́ kedere lábẹ́ rẹ̀. Bó bá dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ yìnyín. Apá kan á yọ́, apá kan ò tilẹ̀ ní dúró di omi kí afẹ́fẹ́ tó fà á gbẹ. "Ajẹyìnyín" ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ń pè é. Ọyẹ́ tiwa náà gbẹ, ó ń la èèyàn létè, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ní òtútù òwúrọ̀ tirẹ̀. Ti Chinook, ó ń lé òtútù lọ ni. Gbogbo ara kọ́ ló gbà á o. Ọ̀pọ̀ ará Calgary ló ń sọ pé bó bá ti ń bọ̀ báyìí, túúlu á ti bẹ̀rẹ̀.

Orí òkè ló tutù jù. Báwo ni afẹ́fẹ́ tó ti ibẹ̀ wá ṣe ń gbóná?

Ẹni tó bá ti fi pọ́ńpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ńpù máa ń gbóná lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ á gbóná. Èyí tó bá ráyè tú ká á tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gun òkè, ó ń tú ká, ó ń pàdánù nǹkan bí 10°C ní gbogbo 1,000 mítà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti òkun Pàsífíìkì ru omi. Bí omi náà bá ti ń di ìkùukùu, tó ń di òjò àti yìnyín, ooru tó wà nínú rẹ̀ á tú sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, ìtutù rẹ̀ á sì dín kù sí bí 6°C péré ní 1,000 mítà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní afẹ́fẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú 10°C. Nígbà tó gun 1,000 mítà àkọ́kọ́, ó di 0°C. Ó wọnú ìkùukùu, ó gun 2,000 mítà sí i, ó di -12°C. Ó ti ro òjò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, ó gbẹ, 10°C ló sì ń gbà padà ní gbogbo 1,000 mítà. Bó bá fi máa sọ̀ 3,000 mítà, ó ti di 18°C. Afẹ́fẹ́ kan náà ni! Nígbà mìíràn sì rèé, afẹ́fẹ́ tó ti wà lókè tẹ́lẹ̀ náà ló kàn rọ́ wálẹ̀, tó fún pọ̀, tó gbóná. Irú rẹ̀ wà ní àwọn òkè Alps ní Yúróòpù, Föhn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn ará Jámánì sì ń fi orúkọ yìí kan náà pe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun.

Ṣé òótọ́ ni pé ó lè yí ojú ọjọ́ padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀?

Òótọ́ ni. Ní ìlú Spearfish, ní South Dakota ní Amẹ́ríkà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 1943, ojú ọjọ́ kúrò ní -20°C ó di 7°C láàárín ìṣẹ́jú 2. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún já wálẹ̀ sí -20°C, gíláàsì fèrèsé sì là.

Ta ló ni orúkọ náà gan-an?

Àwọn èèyàn ni. Àwọn Chinook, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti wà ní ẹnu odò Columbia ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń ya wọ òkun Pàsífíìkì, kí òyìnbó kankan tó débẹ̀. Oníṣòwò ni wọ́n, ọlọ́kọ̀ ojú omi ni wọ́n. Ìgbà tí Lewis àti Clark, àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà rán láti lọ yẹ ilẹ̀ náà wò, dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1805, àwọn Chinook ti ń bá àwọn oníṣòwò tó ń ti òkun wá ná ọjà. Àwọn aládùúgbò wọn, àwọn Chehalis, ló ń pe ìlú wọn kan bẹ́ẹ̀, kó tó di orúkọ gbogbo wọn. Èyí ò ṣàjèjì sí wa: àwọn Hausa ń pe àwọn ará Ọ̀yọ́ ní Yarbawa kí orúkọ náà tó kárí gbogbo ọmọ Oòduà.

Àwọn òyìnbó tó tẹ̀dó sí Astoria, létí odò kan náà, ń rí i pé afẹ́fẹ́ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ń fẹ́ wá láti apá ibi tí àwọn Chinook ń gbé. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ Chinook ni. Ti etíkun yẹn tutù fún omi, ó ń mú òjò wá. Orúkọ náà ló gun òkè Rocky kọjá, tó lọ já sórí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti òdìkejì.

Ẹja, ajá àti hẹlikọ́pítà ńkọ́?

Sámọ́nì tó tóbi jù nínú òkun Pàsífíìkì ni wọ́n ń pè ní Chinook, nítorí odò àwọn èèyàn náà ni ẹja yìí ń gùn padà wá láti yé ẹyin. Ajá ní tirẹ̀, New Hampshire ló ti wá: ajá kan tó ń jẹ́ Chinook, tí wọ́n bí ní 1917, ni baba ńlá irú ajá tó ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín yẹn. Hẹlikọ́pítà náà, CH-47, kọ́kọ́ fò ní 1961. Àṣà àwọn ológun Amẹ́ríkà ni láti máa fi orúkọ àwọn ọmọ onílẹ̀ sọ hẹlikọ́pítà wọn.

Mo gbọ́ pé èdè tún ni?

Méjì ni. Ọ̀kan ni èdè abínibí wọn. Èkejì ni Chinuk Wawa, èdè ọjà bíi Píjìn tiwa, tí wọ́n fi èdè Chinook, ti àwọn aládùúgbò, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì lú pọ̀. "Wawa" ni ọ̀rọ̀ sísọ. Ọ̀rọ̀ ìwúrí ìpínlẹ̀ Washington, "Alki", inú rẹ̀ ló ti wá: "bó pẹ́, bó yá."

Àwọn èèyàn náà ṣì wà?

Wọ́n wà. Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ní 1851 wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà, ilé aṣòfin ò sì fọwọ́ sí i rí. Ní oṣù Kìíní 2001, ìjọba àpapọ̀ gbà pé orílẹ̀ kan ni wọ́n; ní oṣù Keje 2002, ìjọba tó dé lẹ́yìn gba á padà. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 2017. Láàárín gbogbo èyí, hẹlikọ́pítà ìjọba kan náà ń fi orúkọ wọn fò káàkiri ayé. Àwọn náà ò dẹ́kun ayẹyẹ sámọ́nì àkọ́kọ́: wọ́n á jọ jẹ ẹja náà, wọ́n á sì dá egungun rẹ̀ padà sínú odò.

Báwo ni ká ṣe pè é?

Ní Calgary, bíi "Ṣinúùkù" ni. Àwọn tó ni orúkọ kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ohùn tí ará Òkè-Ògùn fi ń pe "iṣu" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ní òun ti ń pe ti afẹ́fẹ́ bí àwọn aládùúgbò òun ṣe ń pè é, ti àwọn èèyàn náà bí àwọn fúnra wọn ṣe ń pè é.