Afẹ́fẹ́ Mọ́nsúùnù àti Ìṣàn Omi Ojú Òkun

Afẹ́fẹ́ mọ́nsúùnù ni afẹ́fẹ́ tó máa ń yí ojú padà bí ìgbà ọdún bá ṣe ń yí. Bó bá ti ń fẹ́ lórí òkun láìdáwọ́ dúró, á máa wọ́ omi òkè lọ, omi náà á sì di ìṣàn. Òkun Íńdíà ni èyí ti hàn jù, nítorí ilẹ̀ Éṣíà tó sé e mọ́ ní àríwá máa ń yára gbóná, ó sì máa ń yára tutù, ju omi lọ.

Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Ìṣàn Sòmálíà á máa sáré lọ sí àríwá-ìlà-oòrùn lẹ́bàá èbúté, eré rẹ̀ sì lè ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá di oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ ti yí, ìṣàn náà á sì ṣẹ́rí padà sí gúúsù. Ìṣàn ńlá tó ń ṣe báyìí ṣọ̀wọ́n: Gulf Stream ti Àtìláńtíìkì kì í yí ojú padà láti ọdún dé ọdún.

Omi kì í sì í tọ ipa afẹ́fẹ́ gẹ́lẹ́. Nínú ìrìn àjò ọkọ̀ Fram lórí Òkun Àkìtíìkì (1893 sí 1896), Fridtjof Nansen, olùṣàwárí ará Nọ́wè, rí i pé yìnyín ń yà sí ọ̀tún afẹ́fẹ́. Vagn Walfrid Ekman, onímọ̀ nípa òkun ará Swídìn, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1905: yíyí tí ayé ń yí ló ń tì í, sọ́tùn-ún ní ìhà àríwá ayé, sósì ní ìhà gúúsù. Ipele omi kọ̀ọ̀kan ń fa èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, eré ń dínkù, yíyà tí omi ń yà kúrò ní ipa afẹ́fẹ́ sì ń pọ̀ sí i. Tí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, omi ń lọ ní igun 90° sí afẹ́fẹ́.

Ìdí nìyí tí omi òkè létí Sòmálíà fi ń sún kúrò ní èbúté nígbà mọ́nsúùnù gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Omi tútù á sọ jáde láti ìsàlẹ̀ láti dí àyè náà, pẹ̀lú èròjà tí ewéko òkun ń jẹ. Ojú omi lè tutù ju 20°C lọ níbẹ̀, nínú òkun ilẹ̀ olóoru!

Lórí ìlà agbedeméjì ayé gan-an, agbára títì yẹn kò sí, omi á sì tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ tààrà. Ní oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, àti oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, afẹ́fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn ń ti omi gbígbóná lọ sápá Sumatra, erékùṣù kan ní Indonéṣíà. Klaus Wyrtki, onímọ̀ nípa òkun, ló ṣàpèjúwe ìṣàn yìí lọ́dún 1973, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é.