Ìrántí kì í ṣe fídíò: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ nígbà tí a bá ń rántí

"Ojú mi ló ṣe. Mo rántí rẹ̀ bí ẹni pé àná ni." Gbólóhùn yìí lágbára púpọ̀ láàárín wa. Ó máa ń parí àríyànjiyàn nínú ẹbí, ó máa ń gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n, ẹni tó bá sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ilé máa gbà gbọ́. Ohun tó fún un lágbára ni èrò kan tó ti gbilẹ̀: pé ọpọlọ máa ń ka ohun tí ojú rí sílẹ̀ bíi fídíò, pé bí a bá fẹ́ rántí, fídíò yẹn la kàn ń padà lọ wò, àti pé bí nǹkan bá ṣe hàn kedere lọ́kàn wa tó ni òtítọ́ inú rẹ̀ ṣe tó. Ìwádìí ti bi èrò náà wó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀ ó ṣì ń jọba ní ilé ẹjọ́ àti nínú ilé, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Bí ìrántí ṣe ń wọlé kò ní gbà wá lákòókò. Apá kan nínú ọpọlọ ló ń tọ́jú ohun tí ojú rí, ibòmíràn ló ń tọ́jú ohun tí etí gbọ́, òórùn ní àyè tirẹ̀, ẹ̀rù náà ní tirẹ̀. Ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní hippocampus, tó wà ní inú lọ́hùn-ún lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ló ń so gbogbo wọn pọ̀ di ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Ara Henry Molaison, ará Amẹ́ríkà kan tí wárápá ń bá fínra, ni ayé ti rí iṣẹ́ rẹ̀ kedere. Ní 1953, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 27, dókítà William Scoville gé èyí tó pọ̀ nínú hippocampus rẹ̀ kúrò, tọ̀tún tòsì. Wárápá rọlẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ náà títí tó fi kú ní 2008, agbára káká ni ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun kan fi lè dúró sí i lọ́kàn. Ó rántí ìgbà èwe rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ tán ni kò mọ̀ mọ́. Brenda Milner, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ní kó máa fi pẹ́ńsù tọ ẹ̀gbẹ́ àwòrán ìràwọ̀ kan, kó sì jẹ́ pé inú dígí nìkan ni yóò ti máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó le ni. Lójoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń yá sí i, lójoojúmọ́ náà ló ń sọ pé òun ò ṣe irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ ń kọ́ṣẹ́, oníṣẹ́ kò mọ̀. Ibẹ̀ ló ti hàn pé ìrántí kì í ṣe ẹyọ kan: ti iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ìṣẹ̀lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá pe ìrántí jáde gan-an ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Fún ọdún pípẹ́, ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé ìrántí tuntun máa ń jẹ́ ẹlẹgẹ́ fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà yóò le, bó bá sì ti le tán, kò ní yí padà mọ́. Ní 2000, Karim Nader pẹ̀lú Glenn Schafe àti Joseph LeDoux, ní Yunifásítì New York, dán ọ̀rọ̀ náà wò lára eku. Wọ́n jẹ́ kí eku gbọ́ ohùn kan, wọ́n sì fi iná mànàmáná gbọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀ bí ohùn náà ti ń parí lọ. Láti ìgbà náà, bó bá ti gbọ́ ohùn yẹn, á dúró gbagidi, kò ní mira rárá. Ẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n fi àwọn kan nínú wọn sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ 14, kí ìrántí náà lè ti rí àyè le dáadáa. Wọ́n wá tún jẹ́ kí eku gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan péré, láìfi iná kàn án. Bó ti gbọ́ ọ tán, wọ́n fa oògùn sí ibi tí ẹ̀rù ń gbé nínú ọpọlọ rẹ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ rí èròjà purotéènì ṣe, èyí tó fi ń mú ìrántí le.

Nígbà tí wọ́n dán an wò lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù ti dín kù gan-an. Ohùn tó ń sọ ọ́ di òkúta tẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án mọ́. Àwọn eku tí wọ́n fún ní oògùn kan náà láìjẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà ń kọ́? Ẹ̀rù wọn wà digbí. Kì í ṣe oògùn nìkan ló wá pa ìrántí náà rẹ́. Pípè tí wọ́n pè é jáde ló mú un rọ̀, tó fi di ohun tí oògùn rí mú.

Ìkòkò tí amọ̀kòkò ti mọ, tó ti gbẹ, àmọ́ tí kò tíì wọ iná, ló jọ ọ́ jù. Ó le lọ́wọ́. Bí a bá fi ìka kàn án, á dún. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n bí omi bá bà á, á tún padà di amọ̀. Nígbà tó bá rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìka ẹni tó gbé e á sàmì sí i lára, iyanrìn ibi tí wọ́n gbé e kà á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ lè fẹ̀ díẹ̀ sí i. Bó bá wá tún gbẹ, gbogbo ìyẹn ti di ara ìkòkò. Ẹni tó bá dé lọ́la kò ní lè sọ èyí tí amọ̀kòkò fi síbẹ̀ àti èyí tí ọwọ́ ẹni tó gbé e kẹ́yìn fi síbẹ̀. Rírántí ni omi yẹn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń wọra. Ìkòkò tó nípọn, omi máa ń pẹ́ kó tó rí i ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ìrántí tó lágbára tàbí tó ti pẹ́ gan-an kì í tètè rọ̀. Ṣùgbọ́n iná tí yóò sun ún, tí kò fi ní rọ̀ mọ́ láéláé, kò sí i. Nítorí náà, ìtàn tí bàbá ń sọ níbi gbogbo ìnáwó, tí a máa ń sọ pé ó dá a lójú nítorí pé ó ti ń sọ ọ́ láti ogún ọdún, òun gan-an ni ọwọ́ ti kàn jù.

Ọwọ́ ta ló ń kàn án? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ẹni tó ń bi wá léèrè ni. Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù kékeré kan nípa ìjàǹbá ọkọ̀ han akẹ́kọ̀ọ́ 150. Wọ́n bi ìdá kan nínú wọn pé báwo ni eré ọkọ̀ náà ti tó nígbà tí wọ́n "kan" ara wọn. Wọ́n bi ìdá mìíràn léèrè ohun kan náà, àmọ́ wọ́n ní nígbà tí wọ́n "rún" ara wọn. Wọn ò béèrè nǹkan kan lórí eré lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n bi gbogbo wọn: ṣé ẹ rí dígí tó fọ́? Kò sí dígí kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà. Nínú àwọn 50 tó gbọ́ "kan", ẹni 7 ló ní àwọn rí i. Nínú àwọn 50 tó gbọ́ "rún", ẹni 16 ni. Kò sí ẹni tó purọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wọ ibi tó rọ̀, ó sì gbẹ síbẹ̀.

Ohun tí èyí lè dà láyé ni ọ̀rọ̀ Ronald Cotton. Ní 1984, ní ìlú Burlington ní North Carolina, ọkùnrin kan já wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan lóru, ó sì fipá bá a lò. Nínú ìnira yẹn, ọmọbìnrin náà ń fara balẹ̀ wo ojú ọ̀daràn náà, kó lè dá a mọ̀ bí òun bá yè é. Àwọn ọlọ́pàá to fọ́tò síwájú rẹ̀, ó sì mú ti Cotton. Wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé ó ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà, wọ́n to àwọn ọkùnrin síwájú rẹ̀ ní ojúkojú. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú fọ́tò, Cotton nìkan ló tún wà láàárín wọn. Ó tún mú un. Ojú wo ló ń rántí lọ́jọ́ kejì yẹn, ti òru ọjọ́ náà ni àbí ti fọ́tò? Òun fúnra rẹ̀ kò lè mọ̀. Nígbà tó dé ilé ẹjọ́, ìdánilójú rẹ̀ kò mì rárá, wọ́n sì rán Cotton lẹ́wọ̀n gbére. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní 1987, wọ́n mú Bobby Poole, ọ̀daràn náà gan-an, wá síwájú ọmọbìnrin náà. Ó ní òun ò rí i rí. Ọdún 1995 ni àyẹ̀wò DNA tó tú Cotton sílẹ̀, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ọmọbìnrin yìí kò ṣe ohun búburú kankan. Ó sapá ju ohun tí ọ̀pọ̀ wa lè sapá lọ. Àwọn tó ń bi í léèrè ni ètò wọn kò dára.

Ó lè dà bí ẹni pé àléébù ńlá ni èyí jẹ́ fún ọpọlọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrántí tí kò ṣeé tún ṣe kò ní wúlò fún ẹni tó ń gbé nínú ayé tó ń yí padà: ọ̀nà tó gba inú ọjà kọjá lánàá ti lè di ilé lónìí, ọ̀rẹ́ ti lè di ọ̀tá. Ní 2007, Demis Hassabis àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àyẹ̀wò àwọn aláìsàn tí hippocampus wọn ti bàjẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n fi ojú inú wo ara wọn létí òkun tó lẹ́wà, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ń rí. Nǹkan kọ̀ọ̀kan tí kò so mọ́ra ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lè sọ. Ẹ̀yà ara tó ń to àná pọ̀ náà ló ń to ọ̀la pọ̀, èyí sì fi hàn pé nítorí ohun tó ń bọ̀ ni wọ́n ṣe dá ìrántí fún wa, ju nítorí ẹ̀rí jíjẹ́ lọ. Ọgbọ́n ńlá ni. Àwa tó fẹ́ fi ṣe ìwé àkọsílẹ̀ la ń lò ó ní ìlòkulò.

Ibi tó bá ti di dandan pé kí ọ̀rọ̀ má yí padà, orí ẹnì kan kò tó o, àwọn babaláwo sì ti mọ èyí tipẹ́. Odù 256 ni Ifá ní, odù kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ tirẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Láti kékeré ni ọmọ awo ti ń kọ́ ọ, ó lè ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n máa ń fún un ní ìsọ̀yè, àmọ́ wọn kì í fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ẹ wo bí ẹsẹ Ifá ṣe tò: orúkọ awo tó dá Ifá ló ń ṣíwájú, "A díá fún" tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹni tí wọ́n dá a fún àti ohun tó gbé e wá. Apá yìí, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ sórí, nítorí bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ, ẹni tó bá fo ọ̀rọ̀ kan á ti gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ìtàn tó wà láàárín, babaláwo lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìparí tún padà di ohun tí kì í yẹ̀: ó ń jó, ó ń yọ̀, ó ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo rẹ̀ ń yin Ifá. Ibi tí ọpọlọ lè di ọ̀rọ̀ mú ni wọ́n ti le, ibi tí kò lè dì í mú ni wọ́n ti gbà á láàyè.

Wọ́n tún fi ẹlòmíràn ṣọ́ ọ. Bí awo kan bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láwùjọ, àwọn tó kù á máa gbè é lẹ́yìn bí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bá ti bọ́ sí i. Bó bá ṣì í, wọn ò ní gbè é. Wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún un ṣe lójú gbogbo ènìyàn, kí àṣìṣe náà tó gbẹ sí ẹnikẹ́ni lórí. Ní Kúbà, àwọn awo fi ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní libreta kún un. Ifá kò ṣaláì gba nǹkan tuntun wọlé o: ọ̀rọ̀ Ìmàle wà nínú Òtúrá Méjì. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú tirẹ̀ nìkan yí ẹsẹ kan padà.

Ilé ẹjọ́ náà ti ń kọ́gbọ́n. Òfin tí North Carolina ṣe ní 2007 sọ pé ẹni tó ń to àwọn ènìyàn tàbí fọ́tò síwájú ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ afurasí láàárín wọn, ó sì gbọ́dọ̀ bi ẹlẹ́rìí bí ó ti dá a lójú tó. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹjọ́ ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń le jù, nígbà tí ìdílé méjì bá dúró síwájú adájọ́, tí kálukú ń pìtàn bí baba ńlá rẹ̀ ṣe tẹ ilẹ̀ náà dó. Ìlànà tí àwọn adájọ́ wa ń tẹ̀ lé wá láti inú ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie, tó ti Gold Coast (Ghana òde òní) dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní 1957. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì lè máa sọ ohun tí wọ́n gbà pé òótọ́ ni, kí àṣìṣe sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà láti ìran tó ti kọjá, nítorí náà bí ẹlẹ́rìí ṣe ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìgboyà kò lè yanjú rẹ̀. Kí adájọ́ fi ìtàn méjèèjì wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà ní àwọn ọdún tí kò tíì jìnnà: ta ló gbin kòkó síbẹ̀, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń dáko níbẹ̀, ta ló sì dìde lọ́jọ́ tí ẹnì kan gbé àdá kọjá ààlà.