Iyán Ti Wà Kí Àgbàdo Tó Wọ̀lú: Ibi Tí Oúnjẹ Èkìtì Ti Ṣẹ̀ Wá

Ìbéèrè kan wà táwọn èèyàn máa ń bi ara wọn tí ọ̀rọ̀ ìtàn ayé bá délẹ̀: kí làwọn baba ńlá wa ń jẹ kí òyìnbó tó dé? Ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín, ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ìdáhùn lẹnu á wá yà wọ́n. Àgbàdo, Mexico ló ti wá. Ẹ̀gẹ́ tá a fi ń ṣe gàrí, Brazil. Ata rodo, tàtàṣé, tòmátò, ẹ̀pà, ọ̀dùnkún, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ òyìnbó, kòkó gan-an tá a fi kọ́lé tá a fi rán ọmọ lọ sílé ìwé ní Èkìtì, gbogbo ẹ̀ pátá òdìkejì òkun ló ti wá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó débí kí Columbus tó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1492. Kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ́ jù wọ́n lọ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ Éṣíà làwọn náà ti wá. Ó dáa, ẹ kó gbogbo ìyẹn kúrò nílẹ̀, kí ló kù? Epo pupa kù, ẹ̀wà kù, ọkà bàbà, irú, obì, ataare, ìsápá, àti iṣu. Iṣu, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹni tó bá ń káàánú àwọn baba ńlá wa pé ebi ló ń pa wọ́n, kò mọ ohun tó ń sọ ni.

Ẹ gbọ́ báwọn àgbà ṣe wí: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Méjì àkọ́kọ́, iṣu ni méjèèjì, torí ọkà tí wọ́n ń wí yẹn àmàlà iṣu gidi ni o, ẹ má mú láfún wọ̀ ọ́. Méjì tó gbẹ̀yìn, àgbàdo ni méjèèjì. Onílé jókòó síwájú, àlejò wà lẹ́yìn. Ẹlòmíì á ní torí adùn ni wọ́n fi tò ó bẹ́ẹ̀, kò burú, àmọ́ lójú tèmi ẹni tó pa òwe yẹn mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀lú, ó kàn fi ọgbọ́n sọ ọ́ ni. Àwọn kan tún máa ń sọ pé ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ tẹ́lẹ̀ kí àgbàdo tó dé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n wá tìtorí ẹ̀ gbé ẹ̀kọ síwájú iyán ni?

Kí n tètè dá àwọn tó gbà pé àgbàdo ti wà lọ́dọ̀ wa tipẹ́ lóhùn, torí wọ́n pọ̀, ọ̀mọ̀wé sì wà nínú wọn. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ M. D. W. Jeffreys ló gbé e jáde láwọn ọdún 1950, ó ní àwọn Lárúbáwá ti gbé àgbàdo dé Áfíríkà kí Columbus tó wọ ọkọ̀ rárá. Ẹ̀rí tó rí mú ni àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, torí àmì ṣùkù àgbàdo wà lára àwọn kan níbẹ̀, àwọn amọ̀kòkò ló yí ṣùkù lára amọ̀ tútù kí wọ́n tó sun ún. Ó dùn ún gbọ́ o. Àmọ́ àwọn awalẹ̀pìtàn yí ọ̀rọ̀ náà dà sódì ni, ní tiwọn, àfọ́kù tí wọ́n bá ti rí àmì ṣùkù lára ẹ̀, wọ́n á ní ó ti kọjá 1500 nìyẹn. Èmi fara mọ́ tiwọn, ó parí.

Ká wá bọ́ sórí iṣu fúnra ẹ̀, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun oko? Lọ́dún 2019 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Scarcelli àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kó iṣu igbó àti iṣu oko 167 jọ, wọ́n yẹ DNA wọn wò fínnífínní, ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé iṣu funfun tá à ń gún yìí, inú iṣu igbó kan tórúkọ ẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Dioscorea praehensilis ló ti jáde, àti pé agbègbè odò Ọya ni wọ́n ti sọ ọ́ di ti oko. Odò Ọya tiwa yìí o. Ẹ má gbàgbé pé ohun tí ilé ìwé fi kọ́ wa ni pé iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Íjíbítì àti Ìráàkì, ó wá ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀, bíi pé àwa kàn jókòó tá à ń dúró dè é.

Nígbà tó di 2020 àwọn míì tún gbé tiwọn dé, àwọn ará Japan wà nínú wọn, wọ́n ní iṣu funfun kì í ṣe ọmọ igbó nìkan, àdàlù ni, iṣu igbó àti iṣu ọ̀dàn kan tí wọ́n ń pè ní Dioscorea abyssinica ló pàdé tí wọ́n fi bí i. Àwọn ọ̀mọ̀wé lè máa fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, lọ́dọ̀ tèmi kò sí ìjà níbẹ̀. Níbo ni igbó àti ọ̀dàn ti ń pàdé? Ẹ gbéra láti Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀ igbó ni, ẹ gba Adó, ẹ gba Ìfàkì kọjá, kẹ́ ẹ tó dé Ọ̀tùn lápá òkè lọ́hùn-ún igi á ti máa fọ́n ká, koríko á ti gbilẹ̀. Àárín méjèèjì gan-an la kọ́lé sí! Mo mọ̀ pé àwọn tó kọ ìwé yẹn ò dárúkọ Èkìtì, agbègbè odò Ọya sì gbòòrò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ibòmíì ni, kó mú ẹ̀rí tiẹ̀ wá ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé ohun àtijọ́ tó ti parí nìyẹn. Ní Benin Republic lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, àwọn àgbẹ̀ kan ṣì ń wọ igbó lọ wa iṣu igbó títí dòní, iṣu tí gbòǹgbò ẹ̀ lẹ́gùn-ún tó sì máa ń sá wọlẹ̀ lọ jìnnà, wọ́n á gbé e wálé, wọ́n á kọ ebè fún un, ọdọọdún ni wọ́n á máa ṣa èyí tó bá gbọ́ràn nínú ẹ̀ gbìn padà, títí tí kò fi ní yàtọ̀ sí iṣu ilé mọ́. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe gan-an nìyẹn.

Ó wá ku gígún. Ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í gún un? Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣu kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Àlìkámà tí wọ́n gbìn lápá Ìráàkì lọ́hùn-ún, hóró ẹ̀ tó jóná ṣì wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí 10,000 ọdún, àwọn onímọ̀ ń hú u jáde, wọ́n ń kà á. Iṣu tá a jẹ tán ńkọ́? Ewúrẹ́ ti jẹ èèpo ẹ̀, ikán ti jẹ odó, ọmọ odó ti di igi ìdáná. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí ìwé ìtàn ayé fi kún fún àlìkámà àti ìrẹsì tí wọn ò sì dárúkọ iṣu. Ká fi làákàyè wá a nìkan ló kù.

Ohun mẹ́ta ni iyán ń fẹ́: iṣu, ìkòkò, odó. Ìkòkò kì í ṣe tuntun níbí o, wọ́n ti rí àfọ́kù ìkòkò ní Ounjougou nílẹ̀ Mali tó ti lé ní 11,000 ọdún, ó wà lára àwọn tó pẹ́ jù ní Áfíríkà. Èèyàn náà ti ń gbé inú igbó tiwa láti ayébáyé, torí lọ́dún 1965 awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Thurstan Shaw àtàwọn èèyàn ẹ̀ walẹ̀ ní Ihò Eléérú nítòsí Ìsàrun, ibẹ̀ ò jìnnà sí Àkúrẹ́, wọ́n bá agbárí èèyàn níbẹ̀ tó ti tó nǹkan bí 11,000 ọdún ó kéré tán, pẹ̀lú àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ṣe irinṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó lòde òní nìyẹn, mo mọ̀, àmọ́ ìpínlẹ̀ kan náà la jọ wà títí di October 1, 1996, torí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti fi yangàn. Odó ńkọ́, kí irin tó dé, kí ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ? Ẹ rántí ẹdùn àrá, òkúta dídán táwọn baba wa máa ń rí lóko tí wọ́n ní Ṣàngó ló sọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní àáké àwọn ará àtijọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá fi iná jó àárín igi kan tí wọ́n ń pè ní apá, tẹ́ ẹ wá ń fi ẹdùn àrá ha eérú ẹ̀ kúrò, tẹ́ ẹ tún jó o, tẹ́ ẹ tún ha á, kí ló máa di? Ó di odó nìyẹn! Àbá tèmi ni o, kò sẹ́ni tó rí i hú nílẹ̀, àmọ́ mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ̀rí kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Àwọn ará àtijọ́ kan ní Nok lápá àríwá, àwọn onímọ̀ yẹ ọ̀rá tó ti wọ inú amọ̀ ìkòkò wọn wò, wọ́n rí i pé wọ́n ti ń fi ewé sebẹ̀ níbẹ̀ láti nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ nìyẹn kẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa se ẹ̀fọ́ tí kò ní wá òkèlè?

Kẹ́ ẹ má rò pé gígún yìí ṣeé ṣe wọ̀ǹdùwọ̀ndù, ẹ wo ìyá tó mọ̀ ọ́n gún. Kò ní da gbogbo iṣu sódó lẹ́ẹ̀kan, á fi ìyókù sílẹ̀ nínú omi gbígbóná kó má baà tutù, á kọ́kọ́ máa fi ọmọ odó tẹ èyí tó wà nílẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má ta síta, ìgbà tó bá fọ́ tán lá wá gbé ọwọ́ sókè. Ó pẹ́ ó yá ìró ẹ̀ á yí padà, á máa lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, á máa dún pọ̀ pọ̀ pọ̀, ìgbà yẹn lá bu omi iṣu díẹ̀ sí i, á fi ọmọ odó yí i po. Bí kókó kan bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ àlejò ò ní sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ti rí i. Lọ́dọ̀ wa tẹ́ ẹ bá fún àlejò ní ìrẹsì àti ẹran méjì, á dúpẹ́, tó bá délé tí wọ́n bi í pé ṣé ó jẹun níbẹ̀, á ní rárá o, wọn ò gún uyán. Àti ìjẹṣu pẹ̀lú. Láyé àtijọ́, kí ọba àtàwọn aborẹ̀ tó ṣe ètùtù iṣu tuntun kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, bẹ́ẹ̀ àgbàdo tuntun, ẹni tó bá kọ́kọ́ ya á ló ń sun ún jẹ. Ẹ ò rí ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún.

Àwọn tó ń bá wa du iyán wà o. Àwọn Tiv ní Benue ń gún un dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, iṣu sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ìtàn tàwọn fúnra wọn ló sọ pé orí òkè lápá Cameroon ni wọ́n ti ṣí wá síbi tí wọ́n wà. Fùfú Ghana, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gún pọ̀, ẹ̀gẹ́ ti Brazil, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti Éṣíà, ẹ ti mọ ìyókù. Ìjẹ̀ṣà, àwọn ni mi ò lè bá fà á, a jọ wà lójú ogun Kírìjì láti 1877 títí wọ́n fi tú ká ní 1893, kí wọ́n mú ìdajì.

Iṣu yìí náà ló bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú rékọjá òkun, torí òun làwọn ọkọ̀ ẹrú máa ń kó bọ́ wọn lọ́nà. Ó hù ní Jamaica, wọ́n ń jẹ ẹ́ títí dòní, nígbà tí Usain Bolt sì gba góòlù ní Beijing lọ́dún 2008 bàbá ẹ̀ sọ fáwọn oníròyìn pé iṣu Trelawny, agbègbè wọn ní Jamaica, ló fún un lágbára. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí ẹ̀kọ ti mú gbà.

Ìyókù ò gba àlàyé púpọ̀. Gàrí gbilẹ̀ lẹ́yìn táwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé, dé láwọn ọdún 1800, kòkó gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ iṣu, síbẹ̀ lónìí ó lé ní ìdajì iṣu gbogbo ayé tó jẹ́ Nàìjíríà ló ń gbìn ín. Láwọn ọdún 1970 Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe ẹ̀rọ ìgúnyán, lẹ́yìn ẹ̀ ni iyán ẹlẹ́lùbọ́ tí wọ́n ń pè ní pòńdó dé, àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun sì ń rà á. Pòńdó yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn páálí kan wà tí wọ́n kọ iyán gàdàgbà síwájú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá yí i padà tẹ́ ẹ ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn, pòtétò lẹ máa bá níbẹ̀, pòtétò tó jẹ́ pé orí òkè ní Peru ló ti wá. Ẹ máa ka ẹ̀yìn páálí kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ̀yin ará London.