Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kì í dákẹ́ fún rọ́bà

Ẹ̀yin ará Okun, okun o. Ẹ wo iye nǹkan àjèjì tó wà lára àwọn èèyàn wa báyìí. Bàbá tó ní ìpá ní Ìyárá, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì rọ́bà dí ibẹ̀ fún un. Ìyá àgbà ní Mọ̀pà, wọ́n yọ lẹ́ńsì inú ojú ẹ̀ tó ti ṣú wọ́n sì fi lẹ́ńsì kékeré rọ́pò. Ọmọ tí ọ̀kadà gbé ṣubú lọ́nà Kàbà sí Ọ̀bàjánà, irin ló wà nínú itan ẹ̀ títí dòní, ká má tiẹ̀ tíì sọ ti àwọn tó ń wọ mọ́tò lọ Ìlọrin torí kíndìnrín. Gbogbo wọn ni wọ́n sọ fún pé kò séwu, ara máa gbà á. Ara ń gbà á lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ti bá a jà ná kó tó gbà á, ìjà yẹn sì ní ìtàn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọ̀nà méjì ni ìtàn náà gbà wá, wọn ò sì mọ ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Ti àkọ́kọ́ ni complement, àwọn prótíìnì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò jà. Ní 1889, Hans Buchner ní Jámánì rí i pé omi ẹ̀jẹ̀, èyí tó máa ń dá dúró lókè tí ẹ̀jẹ̀ bá dì tán, lè pa kòkòrò àrùn láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú ẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá gbé e kaná dé nǹkan bíi 55°C, agbára yẹn á parẹ́. Jules Bordet, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń ṣiṣẹ́ ní Pasteur Institute ní Paris, ló wá là á yé wọn lọ́dún 1895 pé nǹkan méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ọ̀kan tí iná ò lè ṣe ní nǹkan kan tó mọ kòkòrò tó ń wá, èkejì tí iná ń bà jẹ́ tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń pa á, tí o bá sì bu omi ẹ̀jẹ̀ tútù díẹ̀ kún èyí tí iná ti bà jẹ́, kódà ti ẹran tí kò ríjà kòkòrò yẹn rí, agbára á padà. Paul Ehrlich ló sọ ọ́ ní complement. Bordet gba àmì ẹ̀yẹ Nobel ti 1919 lé e lórí.

Ìgbà yẹn gbogbo èèyàn gbà pé dandan ni kí antibody, ìyẹn èyí tó mọ kòkòrò tó ń wá, kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan kí complement tó jí. Louis Pillemer ní Cleveland, Amẹ́ríkà, ló jáde ní 1954 pé irọ́ ni, ọ̀nà kan wà tó ń gbà jí fúnra ẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ gún un lára gan-an, ó kú ní 1957 kí wọ́n tó wá gbà pé òótọ́ ló sọ. Ó dùn mí fún un o, torí ọ̀nà tó sọ yẹn gan-an ni rọ́bà ń gbà kó sí wàhálà. Prótíìnì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C3, nígbà gbogbo ló ń já díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó rán an, ègé ẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá wà nítòsí. Tó bá lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì tiwa, àwọn prótíìnì míì wà níbẹ̀ tó máa pa á lẹ́nu mọ́ kíá. Rọ́bà ò ní wọn. Àfi bí àjèjì tó wọ agboolé lóru tí kò lè dárúkọ ẹnì kan tó wá kí, ègé kan á pe òmíràn, òmíràn á pe mẹ́wàá, kí o tó mọ̀ ọ́n gbogbo ilé ti jí.

Ọ̀nà kejì, ti kinin, àwọn ègé prótíìnì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ara wú kó sì dunni, inú ìtọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Emil Karl Frey, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Munich, fún ajá lábẹ́rẹ́ ìtọ̀ èèyàn ní 1926, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (BP) ajá já wálẹ̀. Ohun tó ṣe é ni wọ́n padà pè ní kallikrein. Lẹ́yìn náà, 1949, ní São Paulo ní Bùràsíìlì, Maurício Rocha e Silva àti Wilson Beraldo àti Gastão Rosenfeld mú oró ejò jararaca, ìbátan paramọ́lẹ̀ tiwa yìí, wọ́n pò ó mọ́ ẹ̀jẹ̀ ajá, nǹkan kan sì jáde látinú ẹ̀jẹ̀ yẹn tó ń mú kí ìfun ẹran sún kì díẹ̀díẹ̀. Bradykinin nìyẹn. Kì í ṣe inú oró ló wà o, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, oró kàn já a sílẹ̀ ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó ṣí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí ibẹ̀ wú, kó dun èèyàn, kí BP sì lọọlẹ̀.

Kí ni èyí kan rọ́bà? Gíláàsì ló so ó pọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àwọn ọdún 1950, Desiree Armstrong àti Keele àtàwọn tó bá wọn ṣe é máa ń jẹ́ kí awọ ọwọ́ ẹni tó yọ̀ǹda ara ẹ̀ léròrò, wọ́n á ṣí awọ orí ẹ̀ kúrò, wọ́n á wá kán omi ẹ̀jẹ̀ sójú ibẹ̀. Èyí tí kò tíì fojú kan gíláàsì, kò dùn ún. Èyí tó ti kan gíláàsì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni yẹn á lọgun. Omi ẹ̀jẹ̀ kan náà ni o! Àárín ìgbà yẹn náà ni Oscar Ratnoff, ní Cleveland ti Pillemer yẹn kan náà, ń yẹ òṣìṣẹ́ reluwé kan wò tó ń jẹ́ John Hageman, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sínú gíláàsì kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n dúró dúró dúró kò dì, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí ò ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ dídà kankan láyé ẹ̀. Ohun tí kò sí lára ẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè ní 1955, Hageman factor, factor XII. Òun ló máa ń kọ́kọ́ fara kan ojú gíláàsì tàbí ojú rọ́bà tó ní iná odi lára (iná mànàmáná kékeré tí wọ́n ń pè ní negative), á jí, á gé kallikrein sílẹ̀, kallikrein á gé bradykinin sílẹ̀. Lójú tèmi, Hageman yìí ló yẹ kí wọ́n gbé ère fún ju gbogbo àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ lọ.

Gbogbo èyí ì bá wà nínú ìwé lásán ká ní wọn ò máa da ẹ̀jẹ̀ èèyàn gba inú máṣíìnì torí kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Willem Kolff ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Kampen ní Netherlands, 1943, nígbà tí sójà Jámánì wà lórí ìlú wọn, ó mú cellophane tí wọ́n fi ń ṣe awọ sọ́séèjì, ó wé e mọ́ àgbá onígi tó ń yí nínú omi iyọ̀. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é fún ló kú. 1945 ni obìnrin ẹni ọdún 67 kan kọ́kọ́ yè é. Nígbà tí dialysis, ìyẹn fífi máṣíìnì fọ ẹ̀jẹ̀ yìí, wá di ti gbogbo ayé, wọ́n rí ohun àràmádà kan: bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe wọ fíítà, asẹ́ inú máṣíìnì, báyìí, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á dàwátì, tó bá pẹ́ díẹ̀ wọ́n á tún padà yọ. Kaplow àti Goffinet kọ èyí sílẹ̀ ní 1968. Ibo ni wọ́n lọ? 1977 ni Craddock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Minnesota rí wọn: inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n dì sí. Wọ́n fi omi ẹ̀jẹ̀ kan awọ fíítà, wọ́n dá a padà sára ehoro àti àgùntàn, sẹ́ẹ̀lì funfun so mọ́ra wọn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ba complement inú ẹ̀ jẹ́ kí wọ́n tó ṣe é, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Bí ẹni tó wà lórí máṣíìnì ṣe ń mí gúlegúle tí àyà ń dùn ún ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán.

Wọ́n wá sá kúrò lórí awọ cellulose, irú cellophane ti Kolff yẹn, lọ sórí rọ́bà míì. Ọ̀kan tó dáa gan-an nínú wọn ni AN69, complement kì í fi bẹ́ẹ̀ bínú sí i. Àfi ìgbà tó di 1990 tí àwọn dókítà ní Bẹ́ljíọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé àwọn kan á jókòó sórí ẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ojú á wú, ahọ́n á wú, BP á já. Kí ló pa àwọn yẹn pọ̀? Oògùn BP kan náà ni wọ́n ń lò, ìdílé captopril àti lisinopril, tó kún inú àpò àwọn àgbà wa láti Ìsánlú dé Lọ́kọ́ja. Ibo ni captopril ti wá? Inú oró jararaca ni Sérgio Ferreira ti rí ohun tó ṣínà fún un ní 1965. Oògùn yìí máa ń dí ohun tó yẹ kó jẹ bradykinin run. Iná odi ojú AN69 ń jí Hageman factor, bradykinin ń tú jáde, oògùn sì ti so ọwọ́ ẹni tó yẹ kó kó o kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni yín tó bá ń lọ ṣe dialysis, kó dárúkọ gbogbo oògùn tó ń mu fún nọ́ọ̀sì.

Ti nǹkan tí wọ́n fi sára tí wọ́n sì dì pa, ó rọra ju ti máṣíìnì lọ. Prótíìnì á bo ojú ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ègé C3 wà lára wọn, sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò á dé, wọ́n á gbìyànjú láti jẹ ẹ́ títí á fi sú wọn, wọ́n á kóra pọ̀ di sẹ́ẹ̀lì ńlá, tó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan ara á fi okùn ẹran líle wé e. Nẹ́ẹ̀tì ìpá tiẹ̀ ń jẹ àǹfààní ẹ̀, okùn yẹn ló ń mú un le. Lẹ́ńsì ojú náà rí ìtura, torí ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Harold Ridley, dókítà ojú tó kọ́kọ́ fi í sójú èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní November 1949 ti rí i pé rọ́bà fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú tó fọ́ sójú àwọn sójà nígbà ogun jókòó síbẹ̀ láìfa wàhálà.

AN69 ò kúrò lọ́jà. Wọ́n fi rọ́bà míì tó ní iná ìdàkejì pa ojú ẹ̀ láti fi pa iná odi yẹn kù, heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sì máa ń lẹ̀ mọ́ ojú tuntun yẹn dáadáa.