Ìgbọ́raẹniyé: ẹ yé pè é ní ìbáṣepọ̀

Ìwé ìyọ̀ǹda kan ni wọ́n ní kí n bá wọn yẹ̀ wò, èyí tí aláìsàn máa fọwọ́ sí kí ilé ìwòsàn kan tó fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí òmíràn. Mo ka ìlà kẹta, mo tún un kà: "Mo gbà kí ìbáṣepọ̀ wà láàárín ilé ìwòsàn mi àti àwọn ilé ìwòsàn mìíràn." Ìbáṣepọ̀ báwo? Ta ló ń fẹ́ ta? Ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ń wá ni èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ìlera ń pè ní interoperability: pé kí ohun tí kọ̀ǹpútà kan fi ránṣẹ́ yé kọ̀ǹpútà tó gbà á.

Kì í ṣe òun nìkan ló ṣì í. Àwọn kan ní "ìsopọ̀" ni. Ìsopọ̀, iṣẹ́ wáyà ni. Kọ̀ǹpútà méjì lè so pọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ọ̀kan má mọ nǹkan kan nínú ohun tí èkejì ń sọ. Àwọn mìíràn já ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá tò ó padà, ó di "agbára-ìṣiṣẹ́-láàárín-ara-ẹni". Kí ẹ tó pè é tán, aláìsàn ti lọ sílé. Àwọn tó kàn kọ "íntaọpẹrabílítì" sílẹ̀, n kò bá wọn jà. Wọn ò kúkú ṣèlérí ìtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbọ́raẹniyé lèmi ń lò. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀, ẹnu gbogbo wa ni mo ti mú un. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá jà, "àìgbọ́raẹniyé" la máa ń ní ó ṣẹlẹ̀. Bí a bá lórúkọ fún àìsí rẹ̀, kí ló dé tí wíwà rẹ̀ ò ní lórúkọ? Ẹ yọ "àì" níwájú rẹ̀, ẹ fi "ì" síbẹ̀, ó parí. Wọ́n wá ń sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ò létí, pé nǹkan kan ò lè yé e. Ẹ gbọ́ ná: ṣé a kì í sọ pé àìsàn kan ò gbóògùn ni? Etí wo ni àìsàn ní? Bí àìsàn bá lè kọ etí ikún sí oògùn, kọ̀ǹpútà náà lè gbọ́.

Nǹkan tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún gan-an kò le. Ká ní ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín, ó ń kánjú, kò fi àmì ohùn kankan sí i: "Ogun ti de." Lẹ́tà pé, fóònù ò gbé ọ̀kan sọnù, kò sì pẹ́ lọ́nà rárá. Ṣùgbọ́n ṣé ogún ló dé, kí ẹ máa wá lọ́yà, àbí ogun ló dé, kí ẹ sáré tìlẹ̀kùn? Ìsopọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láṣepé. Ìgbọ́raẹniyé ni kò sí níbẹ̀.

Bó ṣe ń rí ní wọ́ọ̀dù nìyí. Láàbù wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan, ó bá 5.5. Ìwọ̀n mmol/L ni láàbù náà fi ń wọ̀n, kò sì sí ewu nínú 5.5 bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà nìkan ló kọjá. Ìwọ̀n tó yẹ kó tẹ̀ lé e já sọ́nà. Kọ̀ǹpútà tó gbà á, ìwọ̀n mìíràn, mg/dL, ló mọ̀, ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá sì wà ní 5.5 mg/dL, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n, agogo ìkìlọ̀ dún, nọ́ọ̀sì sáré dé, ó bá aláìsàn tó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí tó ń tẹ fóònù. Ká ní ẹ̀rọ náà mọ ohun tí wọ́n sọ fún un ni, ìbá ti sọ 5.5 di ìlọ́po 18, ìbá rí 99, kálukú ìbá sinmi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé bí agogo bá parọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ta ni yóò sáré ní ẹ̀ẹ̀kọkànlá?

Nítorí náà, àdéhùn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ ò tó bẹ́ẹ̀. HL7 (Health Level Seven), àjọ tó ń ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1987, láti fẹnu kò lórí bí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kan ń rán sí ìkejì ṣe máa tò. 7 inú orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ìpele tó ga jù nínú ìpele méje tí àwọn oníkọ̀ǹpútà pín ìbánisọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sí. Ẹni tó bá tú u sí "ìlera ìpele keje" ti gbé e lọ sí ọ̀run keje nìyẹn. FHIR, àdéhùn kan tó jẹ́ ọmọ HL7 ni, "fáyà" ni wọ́n ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní iná. LOINC, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1994 ní Regenstrief Institute ní ìlú Indianapolis, ló ń fún àyẹ̀wò láàbù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Fún àìsàn, ICD ni, ìwé àmì ìdánimọ̀ àìsàn tó wà lọ́wọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àdéhùn náà sì ń yí padà o: ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ I10 nínú ICD-10 ti di BA00 nínú ICD-11 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Kọ̀ǹpútà tó bá mọ I10 nìkan, á kàn máa wo BA00 suu ni.

Àwọn tó kàwé nínú ìmọ̀ yìí pín ìgbọ́raẹniyé sí ọ̀nà mẹ́rin. Èmi ò rí ohun tí ìyẹn fẹ́ ṣe fún aláìsàn. Ọ̀rọ̀ yé wọn àbí kò yé wọn?

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi gùn. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé tú ká nínú gbólóhùn: ẹ̀rọ méjì yìí gbọ́ra yé, wọn ò gbọ́ra yé, wọn ò tíì gbọ́ra yé dáadáa. Mo pa ìlà kẹta inú ìwé ìyọ̀ǹda yẹn rẹ́, mo kọ ọ́ báyìí: "Mo gbà kí wọ́n fi fáìlì mi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn mìíràn, kó sì yé wọn lọ́hùn-ún bó ṣe yé wọn níbí." Wọ́n dá a padà, wọ́n ní kò dún bí ìwé òfin. Mo ní kí wọ́n mú ti àkọ́kọ́ lọ sílé, kí wọ́n kà á sétí ìyàwó wọn.