Ẹ ṣe iṣẹ́ gúrúùpù tán kọ́ ni pé ẹ ti kọ́ ọ

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń lọ yunifásítì, ní Kétu ní Benin níbí títí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ló gbà pé tẹ́ ẹ bá ti ṣe ẹsipozé yín, ìyẹn iṣẹ́ gúrúùpù tẹ́ ẹ máa ń gbé kalẹ̀ ní kíláàsì, tán tí nóòtì (máàkì) jáde, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Èèyàn lè ti ọdún kìíní ṣe é dé lísáǹsì, ìyẹn oyè yunifásítì àkọ́kọ́, kó ṣì máa bá gbogbo gúrúùpù jà lórí ohun kan náà. Ṣebí wọ́n ní bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn, ibi wíwo ẹ̀yìn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Ẹ wò ó, wọ́n á ní kọ́mọ márùn-ún lọ wádìí báwọn àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú àgbàdo kí kòkòrò má jẹ ẹ́, wọ́n á ṣí WhatsApp, ẹni méjì á máa fèsì, ẹni méjì á dákẹ́, ẹnì kan á wá fi òru kọ gbogbo ẹ̀, orúkọ àwọn márààrún á sì wà lójú ìwé. Ẹni tó kọ ọ́ á ní "ọ̀lẹ ni wọ́n", ó parí. Tí wọ́n bá ní kó kọ ohun tó rí kọ́, á kọ "a ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa". Kí lèyí fẹ́ ṣe fún un? Ẹni tó ronú sí i á kọ báyìí: "Ìgbà tó ku ọ̀la ni mo tó gbọ́ pé àwọn méjì yẹn ò ní mẹ́gà tí wọ́n á fi wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kàn ń fi fáìlì ránṣẹ́ ni, mi ò bèèrè. Nígbà míì, ká tó pín iṣẹ́, màá bi kálukú ohun tó lè ṣe."

Ní 1913, ọmọ Faransé kan, Max Ringelmann, tẹ ìwádìí kan jáde, ó ní káwọn èèyàn fa okùn, bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i lagbára tẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń mú wá ń dín kù. Ohun méjì ló ń fa irú ẹ̀: wọn kì í fà á lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan á sì tún dẹwọ́. Èwo ló ba ti gúrúùpù yín jẹ́? Nóòtì ò lè sọ ìyẹn fún yín láé.

Graham Gibbs, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan, ti to àwọn ìbéèrè téèyàn lè fi wo ẹ̀yìn wo ohun tó ṣe sílẹ̀ ní 1988: kí ló ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe rí lára ẹ, kí ló dáa kí ni ò dáa, kí ló fà á, kí lo tún lè ṣe, tó bá tún ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Kálukú ni kó kọ tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó jọ jókòó o, torí tẹ́nì kan bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á kàn máa gbè é ni.