Aṣọ phad kì í ṣe kọ́míìkì

Ẹni tó bá rí aṣọ phad, aṣọ ńlá tí wọ́n ya ìtàn akọni sí, lórí fóònù máa ń sọ pé: "Áà, àwọn ará Íńdíà ti ń ya kọ́míìkì láti ayébáyé." Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Aṣọ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 15, tí èèyàn, ẹṣin, ràkúnmí àti ààfin kún bámúbámú, kí lojú fẹ́ ṣe? Á kàn máa wá ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, kó lè kà á lọ sápá ọ̀tún.

Ẹ wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí níbẹ̀.

Rajasthan, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, ni phad ti wá. Èyí tó lókìkí jù ni ti Pabuji, akọni tí àwọn darandaran ràkúnmí ń bọ. Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ni ayàwòrán fi ń to aṣọ yìí, kì í ṣe ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Pabuji jókòó láàárín, fìrìgbọ̀n, ní ààfin rẹ̀ ní Kolu. Ìlú tó bá jìnnà sí Kolu á sún síwájú etí aṣọ. Lanka, níbi tó ti lọ kó ràkúnmí wá fún ìgbéyàwó Kelam, ọmọ arákùnrin rẹ̀, etí pátápátá ló wà. Ọ̀ràn méjì tí ọdún gbọọrọ wà láàárín wọn lè fẹ̀gbẹ́ kanra, bó bá ti jẹ́ pé ìlú kan náà ni wọ́n ti wáyé.

Inú bhopa, akọrin tó ni aṣọ náà, ni ìtàn wà. Alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á ta aṣọ náà, wọ́n á sun tùràrí níwájú rẹ̀, torí ojúbọ ni. Bhopa á máa ta ravanahatha (ẹ sáà pè é ní gòjé), á máa jó, á máa kọrin. Ìyàwó rẹ̀ á gbé fìtílà, á máa gbè é. Gbogbo aṣọ yòókù wà lókùnkùn. Bhopa á na ọrun gòjé sí Pabuji lórí ìtẹ́, fìtílà á tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọrun á tún padà sórí ìtẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ni Pabuji ń sọ báyìí. Àwòrán kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀. Kọ́míìkì wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan tún rò pé bhopa ló ń yà á. Rárá o. Iṣẹ́ ìdílé Joshi ni, ní Shahpura àti Bhilwara. Ọ̀kan nínú wọn, Shree Lal Joshi, gba Padma Shri, oyè tí ìjọba Íńdíà ń fúnni, lọ́dún 2006. Wọ́n á fi ìyẹ̀fun pípò mú aṣọ le, wọ́n á fi òkúta ra á títí á fi dán. Àwọ̀ kan á káàkiri gbogbo aṣọ kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹyinjú akọni ló kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti tọ́ ọ sí i, aṣọ náà ti di òrìṣà nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sọ ọ́ nù bó bá gbó. Adágún Pushkar ni wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n á sì rì í sómi.